Bá Mi Di Òwú Yìí Mú

Tí o bá wọ yàrá ìyá àgbà mi tí o kò sọ̀rọ̀, o ò tíì wọlé. O lè kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ yóò fi bó, o lè dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí àyà rẹ kan sìmẹ́ńtì, bí o kò bá ti la ẹnu kí o sọ orúkọ rẹ, kò sẹ́ni tó máa dá ọ lóhùn. Wọ́n á máa hun súwẹ́tà wọn lọ. Àlejò á wò mí, èmi náà á wò ó, mi ò sì ní gbà á sílẹ̀, nítorí wọ́n ti kìlọ̀ fún mi. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ìyá àgbà á ní, “Ìkúnlẹ̀ tí kò lóhùn, ilẹ̀ ló kí. Àmọ̀kẹ́, ṣé ilẹ̀ ti dáhùn?”

Afọ́jú ni ìyá àgbà mi. Mo kọ ọ́ gbangba bẹ́ẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe fẹ́ kí á máa sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò wa ní Laranto máa ń yí ọ̀rọ̀ náà ká. Wọ́n á ní “màmá tí ojú ń dùn,” wọ́n á ní “ìyá tí kò ríran dáadáa,” wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń dárúkọ olóògbé. Ìyá àgbà á ní, “Dáadáa bíi ti báwo? Mi ò ríran rárá. Afọ́jú ni mí. Ẹ sọ ọ́ sókè, kò ní ràn yín.”

Wọ́n ti lọ báyìí. Ọyẹ́ ló mú wọn lọ, ọyẹ́ Jos tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn bá jà, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ológun tún gbàjọba. Àwọn ọmọ wọn kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé pélébé tí a pín lọ́jọ́ ìsìnkú: pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí wọn sí, pé wọ́n tẹ̀lé ọkọ wá sí Jos láti wá ṣòwò, pé wọ́n bímọ, wọ́n rí ọmọ ọmọ. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́, àmọ́ mo kà á tán, mi ò rí ìyá àgbà mi níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ tèmi. Ẹ má bínú bí mo bá sọ̀rọ̀ jù, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ.

Súwẹ́tà ni wọ́n ń hun. Jos tútù ju ibikíbi tí àwọn ará ilé wa ti wá lọ, tí ọyẹ́ bá sì dé, ọmọ tuntun, akẹ́kọ̀ọ́, awakọ̀, gbogbo wọn ló nílò nǹkan tí wọ́n máa kó sọ́rùn. Wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà kí àìsàn tó gba ojú wọn, lẹ́yìn tí wọ́n bí bàbá mi. Nígbà tí ojú lọ tán, gbogbo ẹbí ló ní kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà kan tiẹ̀ kó àwọn abẹ́rẹ́ gígùn náà pamọ́, pé kí wọ́n má baà fi gún ara wọn. Ìyá àgbà fọwọ́ wá gbogbo ilé títí wọ́n fi rí i lábẹ́ àpò gààrí, wọ́n sì hun fìlà kan fún ọkùnrin náà. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń gbé e fún un, ohun tí wọ́n sọ ò ju pé, “Ojú ló lọ. Ìka ṣì wà níbẹ̀.” Ó dé fìlà yẹn títí ó fi kú.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di Ìyá Súwẹ́tà. Àwọn ọmọ Hausa tó wà láyìíká wa ń pè wọ́n ní Káká, bí àwọn náà ṣe ń pe ìyá àgbà tiwọn.

Mo ní láti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe òwú, nítorí níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Òwú súwẹ́tà nígbà náà máa ń wá ní ìdì gbọọrọ, tí wọ́n ká róbótó. Kí ó tó ṣe é hun, ẹnì kan ní láti na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí wọ́n fi ìdì náà kọ́ ọ lọ́wọ́, kí ẹlòmíràn máa fà á, kí ó máa ká a di bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá di òwú mú báyẹn kò lè họ imú. Kò lè dìde. Kò lè wo aago. Tó bá ju ọwọ́ sílẹ̀, òwú á lọ́ pọ̀, ìyá àgbà á sì bínú, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rí ìbínú wọn. Nítorí náà ó máa jókòó, ó máa gbọ́ ohun tí wọ́n bá fẹ́ sọ. Ilé ìwé wọn nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì jáde níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé òun wọlé.

Àwọn tó ń ṣe sàráà ló pọ̀ jù nínú akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ẹni tó lá àlá tí kò dára, ẹni tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ rìnrìn àjò, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ṣe ìdánwò, wọ́n á ní kí ó lọ fún afọ́jú ní nǹkan. Afọ́jú tó sún mọ́ wọn jù ní Laranto ni ìyá àgbà. Mo rántí obìnrin kan tó gbé wáínà gbígbóná wá, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, ó gbé àwo náà lé wọn lẹ́sẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó sì yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé màmá máa jẹ ẹ́?” Ìyá àgbà ní, “Ojú ni kò sí, ẹnu wà. Bi mí.” Obìnrin náà ta gìrì. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Sàráà lo fẹ́ ṣe, àbí? Kò burú. Bá mi di òwú yìí mú.”

Bó ṣe na ọwọ́ tán ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Tí o bá fẹ́ mú afọ́jú kọjá títì, má fà á bí àgbò ọdún. Fún un ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ, òun ni yóò dì ọ́ mú. Má pariwo mọ́ ọn, etí ò ní nǹkan kan í ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí o bá ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, sọ pé o ń lọ, kí ó má baà máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Tí o bá sì ń wá ẹni tó máa hun súwẹ́tà ilé ìwé fún àwọn ọmọ rẹ, rántí pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe níbí, mi ò jókòó de sàráà. Obìnrin náà padà wá ra súwẹ́tà mẹ́ta. Wáínà yẹn ńkọ́? A jẹ ẹ́. Ìyá àgbà kì í dá oúnjẹ padà láyé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn fún mi.

Àwọn tí wọn ò fẹ́ràn rárá ni àwọn tó máa dé, tí wọ́n á yí ohùn padà, tí wọ́n á ní, “Ìyá, ta ni mí? Ẹ sọ ọ́ ká gbọ́.” Àwọn agbàlagbà inú ìjọ wa pàápàá ń ṣe é, wọ́n rò pé eré ni. Ìyá àgbà á ní, “Ìwọ alára ò mọ̀? Lọ bi wọ́n nílé kí o tó padà wá.”

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹni mímọ́ ni wọ́n o. Wọ́n lágídí. Wọ́n fẹ́ràn oge, wọ́n á bi mí léraléra bóyá ìró wọn bá bùbá mu, tí mo bá sì ní ó bá a mu, wọ́n á tún lọ bi màmá mi láti fi wádìí mi. Ìjà wọn pẹ̀lú màmá mi nìkan tó kún ìwé. Màmá mi ní ìwà kan, tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ó gbọ́dọ̀ tún pálọ̀ tò. Ọdún kan ó gbé àga ìyá àgbà kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé tábìlì síbẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá àgbà dé láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fẹ́ jókòó bí wọ́n ṣe máa ń jókòó, wọ́n sì ṣubú lu tábìlì. Ojúgun wọn ṣẹ̀jẹ̀. Màmá mi sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí ilé dára ni. “Ilé tí mi ò mọ ibi tí àga mi wà,” ni ìyá àgbà wí, “ilé onílé ni.” Wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ àfi kí wọ́n kíra. Ìgbà tí wọ́n parí rẹ̀, màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kéde gbogbo ohun tó bá gbé: “Ìyá, mo ti gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn o. Ìyá, garawa omi wà lápá òsì yín.” Ó ti mọ́ ọn lára débi pé ó ń kéde rẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà kò sí nílé.

Ọdún tí ìjọba yí ọ̀nà ìwakọ̀ padà, tí ọkọ̀ tó ń gba apá òsì tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀tún, mo ṣì kéré. Gbogbo èèyàn ló dúró sẹ́bàá títì tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa kọjú sí. Bàbá mi tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sábẹ́ ọkọ̀ nítòsí ọjà ńlá, nítorí ibi tó mọ́ ọn lára ló ń wò. Ìyá àgbà ló fà á ní ẹ̀wù padà. Wọ́n ní, “Ibi tí ariwo ti ń bọ̀ ni ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ìjọba ò tíì yí ìyẹn padà.”

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó fi ọ̀rọ̀ dá wọn lẹ́kun. Málàm Súlè ni, afọ́jú bíi tiwọn, olórí àwọn tó ń tọrọ báárà ní Angwan Rogo. Ọdọọdún ló máa ń wá ra fìlà lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan ìyá àgbà sọ fún un pé àwọn tó ń tọrọ báárà ló ń bà wọ́n lórúkọ jẹ́, pé nítorí wọn ni gbogbo ẹni tó bá rí afọ́jú fi ń tọwọ́ bọ àpò. Hausa ni wọ́n jọ ń sọ, tí ìyá àgbà ń fi ohùn Ògbómọ̀ṣọ́ sọ ọ́. Málàm fìdí lélẹ̀, kò bínú. Ó ní, “Haba, Káká. Ẹ̀yin ní ọkọ tó ra òwú fún yín. Ta ló ra òwú fún mi?” Nígbà tó lọ tán, wọ́n jókòó, wọn ò hun nǹkan kan. Wọ́n ní, “Òótọ́ ló sọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gba Rífkátù sọ́dọ̀. Ọmọ Berom ni, ojú rẹ̀ ti lọ láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń tọ́ ọ ti rán an lọ sí ilé ìwé àwọn afọ́jú lókèèrè, ó kọ́ bí a ṣe ń fi ìka kàwé, ó kọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì kọ́ bí a ṣe ń bójú tó pátákó tẹlifóònù ilé iṣẹ́. Ó dé Jos, iṣẹ́ ò sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó sọ fún ìyá àgbà pé bí wọ́n bá kórè ácà, ọkà oko wọn, tán tí ọmọ náà kò tíì ríṣẹ́, òun á dá a padà sí abúlé. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Wọ́n á gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà fún un, wọ́n á máa gbé oúnjẹ wá bá a, á sì jókòó síbẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi funfun. Rífkátù gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, torí pé iwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

Ìyá àgbà fi súwẹ́tà híhun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Olúwa ò! Apá ọ̀tún á gùn, apá òsì á kúrú, ọrùn á fún débi pé orí ológbò ò lè gbà á. Ìyá àgbà á fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á tú u, wọ́n á ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí. Níkẹyìn Rífkátù gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó ní, “Káká, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo afọ́jú kọ́ ló mọ nǹkan hun. Tẹlifóònù ni mo mọ̀.” Mo rò pé ilé máa gbiná. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín sínú. Wọ́n ní, “Ó dára. Lónìí, èmi ni mo bá ọ di òwú mú.”

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ilé iṣẹ́ kùsà kan ní Rayfield ń wá ẹni tó máa jókòó nídìí tẹlifóònù. Rífkátù wọ aṣọ tó dára jù tó ní, àbúrò rẹ̀ mú un lọ. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ wa, àpò ìrẹsì kan ló bá a dé. Ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ níbẹ̀ ló fún un. Ó fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, ó ní kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́, ó sì fún un lówó ọkọ̀ tó máa wọ̀ padà.

“Ṣé wọ́n jẹ́ kí o fọwọ́ kan pátákó náà?” ni ìyá àgbà bi í.

“Rárá, Káká.”

“Àwọn tó ríran ńkọ́?”

“Wọ́n jókòó sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mò ń gbọ́ wọn.”

Ó bú sẹ́kún. Ó ní ácà ti ń pọ́n. Ìyá àgbà na ọwọ́, wọ́n tẹ àpò ìrẹsì náà wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wá egbò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí mi ò rò pé mo lè gbọ́ lẹ́nu wọn láyé. “Àmọ̀kẹ́, mú bàtà mi wá. A fẹ́ lọ dá oúnjẹ padà.”

Ọjọ́ kejì la wọ takisí lọ sí Rayfield, ìyá àgbà, Rífkátù, èmi, àti àpò ìrẹsì. Mo wà nílé lákòókò ìsinmi ilé ìwé girama. Wọ́n wọ súwẹ́tà pupa tí wọ́n hun fúnra wọn, wọ́n gbé àpò òwú wọn dání bí ìgbà tí wọ́n ń lọ sọ́jà. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, igi pọ̀, ẹ̀ ń gbọ́ ẹyẹ. Akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n, ó bi èmi pé kí ni màmá fẹ́. Ìyá àgbà ní, “Màmá gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Hausa, Òyìnbó rẹ̀ kò pọ̀ ṣùgbọ́n ó tó jẹun. Bi màmá.” Ó bi màmá. Màmá ní ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ ni òun wá rí, òun á dúró dè é. Wọ́n jókòó, wọ́n yọ abẹ́rẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun nǹkan.

Ọ̀gbẹ́ni Akíntádé ni orúkọ ọ̀gá náà, ọmọ Èkìtì. Wọ́n ti lọ sọ fún un pé ìyá Yorùbá kan wà níta. Ó jáde, ó rí arúgbó tó wé gèlè, ilé tó ti wá sì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: ó dọ̀bálẹ̀. Pẹ̀lú kóòtù, pẹ̀lú táì, níwájú gbogbo àwọn akọ̀wé rẹ̀, ó nà gbalaja sílẹ̀. Kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ìyá àgbà ń hun súwẹ́tà wọn lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í dìde nídọ̀bálẹ̀ kí àgbà tó dá a lóhùn. Ọkùnrin náà gbé orí sókè díẹ̀, ó tún gbé e sílẹ̀. Àwọn akọ̀wé dẹ́kun títẹ̀wé. Mo gé ètè jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà fa òwú díẹ̀ jáde, wọ́n ní, “Àmọ̀kẹ́, mo gbọ́ bàtà kan tó dé ọ̀dọ̀ wa tí kò sì padà lọ. Ṣé nǹkan rẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀ tó ń wá?”

“Ẹ jọ̀wọ́ mà,” ni ohùn kan wí láti ilẹ̀, “èmi ni, Akíntádé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín ni.”

“Káre, ọmọ mi. Ó máa dára fún ọ. Dìde. Ilé rere lo ti wá, ohùn ló kù. Jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi níbí, kí o bá mi di òwú yìí mú. Mi ò ní pẹ́.”

Ta ló máa kọ̀ fún àgbà? Ó jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n fi ìdì òwú kọ́ ọ lọ́wọ́. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

Wọ́n ní, “Ìrẹsì rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Gbà á padà. Iṣẹ́ ni ọmọ mi wá wá, kò sọ fún ọ pé ebi ń pa òun.”

“Ìyá, ẹ má bínú. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí.”

“Mo mọ̀. Kí ló dé tí o kò dán an wò?”

Ó ní ewu ni òun ń rò. Àtẹ̀gùn wà nínú ilé náà. Ìyá àgbà ní Rífkátù gùn ún lánàá, ó sì sọ̀ kalẹ̀, ta ló gbọ́ pé ó ṣubú? Ọ̀gá náà ní ta ni yóò máa mú un lọ sí ilé ìyàgbẹ́. Ìyá àgbà bi í pé lọ́jọ́ tí ọ̀gá náà alára kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ yìí, ta ló fi ibẹ̀ hàn án, àbí ó kàn bá a lójú àlá? Akọ̀wé kan bú sẹ́rìn-ín, ó yára wúkọ́. Ọ̀gbẹ́ni Akíntádé náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ó tún padà sọ òótọ́ inú rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, òun dìde nínú ọ́fíìsì òun, òun di ojú òun pa, òun gbìyànjú láti rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rù ba òun. Díẹ̀ ló kù kí òun fi orí sọ kọ́bọ́ọ̀dù. Òun wá rí i pé òun ò lè fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Ọwọ́ ìyá àgbà dúró. Wọ́n rọ ohùn, mi ò gbọ́ kí wọ́n bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. “O ṣeun tí o gbìyànjú,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n ẹni tó di ojú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀rù ló kọ́, kò tíì kọ́ bí afọ́jú ṣe ń gbé ayé rẹ̀. Èmi náà bẹ̀rù lọ́jọ́ kìíní. Rífkátù ti kúrò níbẹ̀ láti kékeré. Má fi ọjọ́ kìíní tìrẹ wọn gbogbo ayé tirẹ̀.”

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká òwú.

“Mi ò ní kí o gbà á síṣẹ́ o,” ni wọ́n fi kún un. “Mo ní kí o dán an wò bí o ṣe dán àwọn yòókù wò. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, lé e. Má ṣáà fi àánú lé e.”

Nígbà tí òwú tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìde, ó ní kí Rífkátù máa bọ̀. Pátákó náà jẹ́ ti àtijọ́. Tí ìpè bá wọlé, ìdérí kékeré kan á já wálẹ̀, a ó sì ki okùn bọ ihò tó yẹ. Rífkátù fi ìka rìn lórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìpè àkọ́kọ́ wọlé, ó dáhùn, ó ki okùn bọ ihò, àmọ́ ihò yẹn kọ́. Ọ̀gbẹ́ni Akíntádé wojú mi. Mo gbọ́ tí abẹ́rẹ́ ìyá àgbà dákẹ́, mo sì ti ń rí àpótí yẹn lẹ́nu ọ̀nà abúlé. Rífkátù ò sunkún. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó pè, ó yíjú sí ibi tí ó ti gbọ́ mímí akọ̀wé, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ihò wọ̀nyí fún mi, èwo ni ti ọ́fíìsì wo? Ẹni tó ríran rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Èmi ò tíì gbọ́ ọ.” Wọ́n kà á fún un, ó tún un kà padà fún wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ṣi ọ̀kankan mọ́. Ohùn rẹ̀ dùn débi pé ẹnì kan tó pè láti Bukuru kò fẹ́ gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Akíntádé ní kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, fún ìgbà díẹ̀ ná, kí àwọn lè wò ó.

“Àwọn tó ríran ńkọ́?” ni ìyá àgbà bi í. “Ṣé ẹ kọ́kọ́ máa ń wo àwọn náà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà. Gbogbo wọn.”

“Ó dára nígbà náà.” Wọ́n dìde, wọ́n wá ìgbọ̀nwọ́ mi. “Àmọ̀kẹ́, gbé ìrẹsì yẹn. Nísinsìnyí tó ti níṣẹ́, ẹ̀bùn ni.”

Kò parí síbẹ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì náà ń gbé àga sójú ọ̀nà Rífkátù láìmọ̀, wọ́n ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìsọ fún un. Ìyá àgbà tún wọ takisí lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan pẹ̀lú àpò òwú wọn, kò sì sí akọ̀wé tó lọ sílé láìdi òwú mú. Wọ́n lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú nítorí àwọn afọ́jú mìíràn, àwọn méjì nínú wọn láti ọ̀dọ̀ Málàm Súlè. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀gá náà ò gbà. Àwọn kan ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n wọlé. Wọ́n á dé ilé, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á ní, “Àwọn yẹn ní kí n kí yín.” Wọ́n á tún lọ.

Rífkátù ò padà sí abúlé. Ó wà nídìí tẹlifóònù yẹn di òní. Òun ló bá wa pe Ìbàdàn, òun ló pe Èkó, òun ló wá ẹni tó máa ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní òwúrọ̀ tí ìyá àgbà dákẹ́. Bàbá mi ní òun gbọ́ tó ń sunkún láàárín ìpè kan sí èkejì, tí ìpè bá sì ti wọlé, ohùn rẹ̀ á mọ́ gaara.

A tẹ́ wọn sí pálọ̀. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, bí èèyàn ṣe máa ń ṣe níwájú òkú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, inú ń bí mi, mi ò sì mọ ohun tó ń bí mi nínú. Ìgbà náà ni Rífkátù wọlé, ó di ìgbọ̀nwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Akíntádé mú. Ó kúnlẹ̀. Ó sọ ọ́ sókè, ní Yorùbá tí ìyá àgbà kọ́ ọ: “Káká, èmi Rífkátù ni. Mo ti dé.”

Ọ̀gbẹ́ni Akíntádé nà gbalaja. “Ìyá, èmi Akíntádé ni. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín.” Málàm Súlè tẹ̀ lé e, ó dárúkọ tirẹ̀. Àwọn tó ti kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà wá, wọ́n tún kúnlẹ̀, wọ́n ń dárúkọ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, obìnrin oníwáínà náà wà níbẹ̀. Màmá mi sún mọ́ wọn, ó fọwọ́ nu ojú. Ó ní, “Ìyá, èmi ni, ìyàwó yín. A ti gbé àga yín kúrò lẹ́bàá fèrèsé o, kí àyè lè gba èrò.”

Ọpẹ́ ló kún inú mi, ọpẹ́ tó ju ẹkún lọ, pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló tọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo rántí ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ẹni tó ń kúrò lọ́dọ̀ afọ́jú, mo sì fi ẹnu mi sún mọ́ etí wọn.

“Ìyá àgbà, èmi Àmọ̀kẹ́ ni. Mi ò tíì lọ. Mo ṣì wà níbí.”